Ta Ni O Ta Kókó Yìí Fún? Iṣẹ́ Atukọ̀ Mi ní Ìlú Tí Kò Lókun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá òkun, tó sì gbé e jìnnà réré sí Johannesburg, tó wá fi oúnjẹ tèmi sórí omi síbẹ̀síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Ó ti kọ́kọ́ pa àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa lẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ní kí àwa àgbà wá sọ irú iṣẹ́ tí a fi ayé wa ṣe, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni. Dókítà kan ti sọ tirẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ti sọ tirẹ̀. Ó wá kàn mí. Mo ní ọmọ ogun ojú omi ni mí. Wọ́n wojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń kàwé ní Braamfontein, ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Òkun wo?”

Mo ní òkun Roodepoort. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ títí Ìmáàmù fi yọjú láti inú yàrá rẹ̀.

N kò ṣàwàdà. Òkun kan wà lọ́nà Roodepoort tó ń kún, tó sì ń fà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la fọwọ́ wa ṣe é. Àsìkò kò tó láti ṣàlàyé lọ́jọ́ náà, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ ó sì gbọ́ nípa ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ẹni tó fi ìtìjú kúrò lórí èbúté wa, tó ní òun kò ní fẹsẹ̀ òun tẹ̀ ẹ́ mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wá bí n óò ṣe mú un padà wá. Ẹ̀rù tó máa ń bà mí nígbà náà ni pé kí n fẹ̀yìn tì láìrí i ṣe, tàbí kí ikú ṣáájú mi dé ilé rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá mi ń hun òfì, ìyá mi ń rànwú, odò tí mo mọ̀ kò sì ju èyí tí a ti ń fọ òwú lọ. Ilé-kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Bí a bá ṣi háráfì kan níwájú Aáfà wa, láti òkè pátápátá la ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé-ìwé tí àwọn mùsùlùmí ìlú wa dá sílẹ̀. Mo máa ń dúpẹ́ oore ilé-kéú yẹn, nítorí mo gbà pé ẹni tó bá la ọwọ́ Aáfà yẹn kọjá, kò sí ọ̀gá tí yóò tún le jù fún un. Mi ò tíì pàdé ọ̀gá mi tí à ń pè ní Bósìn nígbà náà.

Bí mo ṣe dé Johannesburg, bí mo ṣe di ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní yàrá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Braamfontein, bí mo ṣe fẹ́ Zainab ọmọ ilẹ̀ yìí tí èmi náà sì di ọmọ ilẹ̀ yìí, ìyẹn gùn, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Themba ló mú mi wọ iṣẹ́ omi. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan ní Marshalltown. Inú taxi kan náà la jọ ń wọ̀ láràárọ̀ títí a fi di ọ̀rẹ́. Ó ní wọ́n ń gba èèyàn sínú ọmọ ogun ojú omi rìsáàfù, pé kí n bá òun ká lọ. Mo bá a lọ. Owó tí wọ́n ń fún wa kò tó ohun tí à ń sọ, kò sì sí ẹni tó torí rẹ̀ lọ.

Ohun tí rìsáàfù jẹ́ nìyí. Kò sí ìjọba tó lè máa bọ́ gbogbo ọmọ ogun tó lè nílò lọ́jọ́ wàhálà. Nítorí náà, ó ní àwọn tí iṣẹ́ ogun jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ó sì ní irú àwa, tí a ní iṣẹ́ tiwa láàárín ọ̀sẹ̀, tí a ń gba ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ àti lọ́jọ́ Sátidé, tí a sì máa ń lọ sí etí òkun lọ́dọọdún láti bá àwọn ti òòjọ́ ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́, o ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ, o ó wọ aṣọ iṣẹ́, o ó lọ. Tíṣà wà lára wa, wẹ́dà wà, agbẹjọ́rò wà. A máa ń ṣọ́ èbúté, a máa ń wa ọkọ̀ kékeré, a sì máa ń kó ọkọ̀ lọ gba èèyàn là nígbà tí omíyalé bá gba ìletò. Odò tó bá ya kì í béèrè bóyá etí òkun lo ń gbé.

Bósìn ni àwọn ọmọ ogun ojú omi ń pe olórí okùn àti ọkọ̀. Tiwa jẹ́ ọmọ Cape, apẹja ni bàbá rẹ̀, apẹja ni bàbá bàbá rẹ̀. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń fi fìlà bo iwájú orí títí dé ìpéǹpéjú. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Bí ó bá ń bínú, ńṣe ló máa ń rẹlẹ̀ sí i, títí wàá fi máa sún mọ́ ọn kí o lè gbọ́ èébú tó ń bú ọ. Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí o ti wá ló fi ń pè ọ́. Themba ni Akọ̀wé. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tó ń jẹ́ Lindiwe, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ni Nọ́ọ̀sì. Ó bi mí ní iṣẹ́ ilé wa, mo ní aṣọ la ń hun. Ó wo ọwọ́ mi níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Ó ní, “Ahunṣọ. A ó rí i.”

Adágún kan lọ́nà Roodepoort la ti ń kọ́ṣẹ́. Omi rẹ̀ dákẹ́ bí omi inú ìkòkò, pẹ́pẹ́yẹ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. A rò pé ọkọ̀ la ó kọ́kọ́ wà. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, okùn nìkan ni Bósìn fi lé wa lọ́wọ́. Nínú oṣù Kẹfà tí òtútù ìlú yìí máa ń gé etí, yóò ní kí a ti ọwọ́ bọ korobá omi yìnyín títí ìka yóò fi kú, yóò wá fi aṣọ dì wá lójú, yóò ní kí a ta kókó. Themba a máa ráhùn lábẹ́lẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé ẹja ni wọ́n ń kọ́ òun láti dà. Bósìn a máa gbọ́. Ẹja náà yóò wá ti ọwọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣùgbọ́n òfin kan ló fi ń darí gbogbo wa: ẹni tó so ó kọ́ ni yóò tú u. Bí o bá ta kókó tán, ẹlòmíràn ni yóò pè láti wá tú u, ìwọ yóò dúró tì í, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, o kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan èmi, mo rò pé ọjọ́ mi dé. Ọmọ ahunṣọ ni mí, kókó òwú ni mo fi ṣeré dàgbà. Mo ta kókó kan tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí Themba fi súfèé. Bósìn pe Lindiwe. Ọmọ náà jìjàkadì pẹ̀lú okùn náà títí èékánná rẹ̀ fi ya, kò tú. Gbogbo wa ti mú ife tíì lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí àsìkò tíì ti tó. Bósìn rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó gba ife ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, ó da tíì náà sínú adágún.

Ó ní, “Ta ni o ta kókó yìí fún?”

Mo ní, “Fún ọkọ̀ ni, sà.”

“Ọkọ̀ kò lọ́wọ́, Ahunṣọ. Ẹni tó ń bọ̀ wá tú u lò ń ta á fún. O lè má mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ inú òkùnkùn ni yóò ti tú u, kí ẹ̀rù máa bà á, kí ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Ṣé ohun tó o fi sílẹ̀ fún un nìyí?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ wáàsí láyé mi, mo sì dúpẹ́ lórí gbogbo wọn. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọkùnrin Kìrìsìtẹ́nì yẹn lórí èbúté, tíì mi ń lọ sísàlẹ̀ omi. Láti ọjọ́ náà, kókó tó lè dúró nígbà ìjì, tí ó sì lè tú nígbà tí okùn bá le tan-n-tan, ni mo ń ta. Ohun tí Bósìn fẹ́ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí ó fẹ́. Afẹ́fẹ́ adágún máa ń gbá ọkọ̀ mọ́ òpó, nítorí náà ó fẹ́ kí okùn wa kúrú, kí ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ èbúté bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀n. Bí a bá so ó bẹ́ẹ̀, yóò dúró wò ó, yóò mi orí pé ó dára. Kò gbàgbé òkun o. Ó fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí pátákó fún wa, bí òkun ṣe ń kún tí ó sì ń fà lójoojúmọ́, bí okùn ọkọ̀ létí òkun ṣe gbọdọ̀ gùn kí ó lè bá omi sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa yege nínú ìdánwò rẹ̀. Etí wa gbọ́. Ọwọ́ wa kò gbọ́, nítorí adágún ni ọwọ́ wa mọ̀.

Ọdún yẹn la lọ sí Durban, sí ibùdó àwọn ọmọ ogun ojú omi tòótọ́. A ti gbọ́ pé àwọn ọ̀gá kan ń sọ pé kí ni rìsáàfù ń ṣe ní Johannesburg tí kò lókun, pé kí wọ́n kúkú tì í pa. Bí a ṣe máa ṣe lọ́sẹ̀ yẹn ni wọn yóò fi pinnu. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn ará etí òkun kí wa pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin atukọ̀ orí òkè. Ṣé ẹ bu omi dání láti ilé?”

Lọ́jọ́ kejì, a wa ọkọ̀ onígi kan yí èbúté ká láti ìdájí. Mo ń gba àwẹ̀ ọjọ́ funfun, ìyẹn àwọn ọjọ́ tí òṣùpá máa ń kún. Mo rí òṣùpá náà lórí omi bí àwo fàdákà, mo yin Ọlọ́hun. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ tí òṣùpá bá kún bẹ́ẹ̀ ni òkun máa ń kún jù, tí ó sì máa ń fà jù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ la dé, omi ga débi pé ọkọ̀ àti èbúté fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Themba so okùn iwájú, ẹlòmíràn so tẹ̀yìn. Wọ́n so ó kúrú, wọ́n so ó mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń so ó nílé. Bósìn rìn kọjá, ó wo okùn méjèèjì, ó mi orí, ó ní, “Ó dára.” Mo kí ìrun Súbúì lórí èbúté. Lẹ́yìn náà a wọ kíláàsì lọ. Lindiwe nìkan la fi sínú ọkọ̀ kí ó bá wa palẹ̀ mọ́.

Òòrùn ti mú nígbà tí ẹnì kan sáré wọlé wá pè wá. Omi ti fà lọ. Ọkọ̀ wa kò sí lórí omi mọ́. Ó ń rọ̀ lára èbúté lórí okùn méjì, ó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lórí okùn ìsáṣọ. Dúrọ́ọ̀mù epo ti yí láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti fún ẹsẹ̀ Lindiwe mọ́ ara ọkọ̀. Kò pariwo. Ó di ìjókòó mú, ó ń wo òkè, ó ń wo ojú wa.

Ará etí òkun kan ti gbé àáké dé, ó fẹ́ gé okùn. Bósìn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí okùn kan bá já, ọkọ̀ náà yóò dojú dé mọ́ ọmọ náà nínú omi. Òkun kì í hó ruuru ká wà á ruuru. Ohùn Bósìn rẹlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gbogbo wa sì dákẹ́ kí a lè gbọ́ ọ. Ó ní, “Akọ̀wé, lọ sẹ́yìn. Ahunṣọ, lọ síwájú. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí òpó máa bá yín gbé e. Bí mo bá ní ẹ dúró, ẹ dúró.”

Mo dé ìdí okùn náà. Ó le bí irin. Mo ní bí ó bá jẹ́ kókó ẹwà tí mo ta lọ́jọ́sí ni, ọmọ yìí ti kú nìyẹn. Mo pe Bísímílláà, mo fi ìka kan tì í, ó sì tú. Ẹni tó ta á ti ta á fún mi. A sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ti iwájú díẹ̀, ti ẹ̀yìn díẹ̀, Bósìn ń pè é bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, títí ìdí rẹ̀ fi kan omi, tí ó tún dúró ṣánṣán. Ẹsẹ̀ Lindiwe kán. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Bhuti,” bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí, “ẹ sọ fún Akọ̀wé pé mo ti mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹja.”

Ẹnì kan lẹ́yìn wa bi wá bóyá ọkọ̀ la fẹ́ sá sóòrùn.

Wọ́n pè wá síwájú ọ̀gá àgbà ibùdó. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó so okùn. Themba ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, Bósìn sì fi ọwọ́ dá a dúró. Ó ní, “Bí mo ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe so ó. Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, sà. Mo wò ó, mo ní ó dára. Adágún ti gba ojú mi. Bí ẹ bá fẹ́ ti nǹkan pa, ẹ má ti ibùdó àwọn ọmọ wọ̀nyí. Èmi ni kí ẹ tì.”

Àwa Yorùbá ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ojú ẹni nìkan ni wọn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kò ti ibùdó wa pa. Bósìn fúnra rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a padà dé. Ó fa fèrè tó fi ń pè wá lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà adágún, ó ní òun kò ní tẹ èbúté yẹn mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Themba bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí a lọ wo Nọ́ọ̀sì. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ wò ó. Ojú rẹ̀ kò gbà á.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mo di olùkọ́ níbẹ̀, Themba di igbákejì mi. Okùn tí a fi kọ́ṣẹ́ máa ń rùn bí àpò iṣu, ó máa ń wú bí ó bá mumi, ó sì máa ń ha ọwọ́. Ọ̀rá ló wá rọ́pò rẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń dán, ó sì ń yọ̀. Kókó tó dúró lára ti àtijọ́ yóò yọ́ kúrò lára ti ìsinsìnyí bí o kò bá fi ìlọ́po kan kún un. Ọkọ̀ rọ́bà rọ́pò ọkọ̀ onígi. Rédíò rọ́pò fèrè. Ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ń sọ ibi tí o wà fún ọ, àwọn ọmọ wá ń wo ojú rẹ̀ dípò kí wọ́n wo ojú omi. N kò bínú sí irinṣẹ́ tuntun, mo dúpẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí odò ya lápá àríwá tí a fi ọkọ̀ rọ́bà kó àwọn èèyàn kúrò lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń gbọ́ òórùn okùn àtijọ́ yẹn nínú oorun mi, inú mi a sì máa dùn kí n tó jí.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí n óò ṣe kọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yìí ní òkun. Ṣọ́ọ̀kì kò tó, a ti rí ìyẹn. Ọjọ́ kan ni mo ń fi ẹ̀rọ ṣéènì tí a fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè ṣiṣẹ́ ní Braamfontein, mo sì dúró gbọn-in. A kò lè fa omi adágún sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kò lè gbé òpó sókè? Èmi àti Themba ri igi ńlá méjì mọ́lẹ̀ sí èbúté, a dábùú irin sí i lórí, a so ṣéènì kọ́ ọ, a sì so òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ mọ́ ìdí ṣéènì náà. Bí àwọn ọmọ bá so ọkọ̀ tán, a ó ní kí wọ́n lọ mu tíì. Bí wọ́n bá ti kọ ẹ̀yìn sí wa, a ó fa ṣéènì, òpó yóò máa gòkè. Lójú ọkọ̀, omi ló ń fà.

Ọjọ́ kìíní, wọ́n padà dé pẹ̀lú ife lọ́wọ́, wọ́n bá ọkọ̀ wọn nínú afẹ́fẹ́. Themba ní, “Eish, ẹ jọ̀wọ́, ta ló fi ọkọ̀ kọ́ igi?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tún so okùn kúrú nínú wọn. Òkun Roodepoort tí mo sọ nìyẹn. Mo fi kàlẹ́ńdà mùsùlùmí kún un fún wọn: bí oṣù bá lé tàbí tí òṣùpá bá kún, ẹ fi okùn kún okùn.

Lindiwe padà wá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro díẹ̀ títí dòní. Ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì wa. Bósìn ní tirẹ̀ kò wá. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí adágún, róbọ́ọ̀tì mélòó kan, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú pópó níbí, ló wà láàárín. Gbogbo ọdún Iléyá ni mo máa ń gbé ẹran lọ fún un, òun náà a sì máa fi kéèkì ránṣẹ́ sí Zainab ní Kérésì. Yóò bi mí pé, “Ahunṣọ, ṣé adágún yín ti ń fà?” Èmi yóò ní ó ti ń fà, sà, ẹ wá wò ó. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò yí ọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Àìsàn oríkèé wá mú ìka rẹ̀, ó ká wọ́n kò. Mo rí i pé ọjọ́ ń lọ.

Iléyá tó kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, Lindiwe ní òun yóò bá mi lọ. Bósìn ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn padà. Lindiwe ti wọlé. Ó jókòó, ó ní òun kò bínú rí, kò sì sí ọjọ́ kan tí òun rò pé ẹnikẹ́ni ló jẹ òun ní gbèsè àforíjì. Bósìn ní òun gbọ́, ó ṣeun, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí òun fi ojú òun wò, tí òun ní ó dára. Lindiwe fà sún mọ́ ọn.

Ó ní, “Bósìn, òfin ta ni pé ẹni tó so ó kọ́ ni yóò tú u?”

Bàbá náà na ìka sí àyà ara rẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ so èyí mọ́ ara yín. Láti ọjọ́ yìí lẹ ti ń gbìyànjú láti dá a tú. Kò lè tú, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀. Èmi ni wọ́n pè láti wá tú u.”

Bósìn yíjú sí mi, ó bi mí ní ọjọ́ tí n óò fẹ̀yìn tì, bí ẹni pé n kò tíì sọ ọ́ fún un rí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn. Bí ó bá jẹ́ ti rìsáàfù, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí. Bí kò bá jẹ́ òun, kò burú. Iṣẹ́ yòówù tí Ọlọ́hun bá gbé lé yín lọ́wọ́, ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ ni yóò bá a lọ́la níbi tí ẹ fi í sí.

Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì mi jẹ́ Sátidé. Zainab sọ pé mo wo ẹnu ọ̀nà ju bí mo ṣe wo àwọn ọ̀gá tó wá yìn mí lọ. Ọkọ̀ Lindiwe ló gbé Bósìn dé. Ó dúró níbi tí koríko parí, tí pákó èbúté bẹ̀rẹ̀, ó dúró pẹ́. Kò sí ẹni tó pè é. Ó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ọmọ tuntun so ọkọ̀, wọ́n sì lọ mu tíì. Themba fa ṣéènì. Bósìn ń wo òpó bí ó ti ń gòkè, ó wo ṣéènì, ó wo èmi. Okùn náà ń nà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi le tan-n-tan, ọkọ̀ sì jókòó sórí omi láìmira. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú òpó pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ tó ti ká. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Lindiwe di aṣọ mi mú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ti kókó náà. Ó tú.

Ó gbé ojú sókè. Àwọn ọmọ ti padà dé, wọn kò mọ ẹni tó jẹ́. Ó ní, “Ta ló ta kókó yìí?” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, gbogbo wọn sì sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́.

Ọmọbìnrin kan láti Soweto na ọwọ́ sókè, ó ní òun ni.

“Ta ni o ta á fún?”

Ọmọ náà wo okùn tó ti tú lọ́wọ́ bàbá náà. Ó ní, “Fún yín, sà.”

Themba ti gbé ife tíì kan wá fún Bósìn. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì nawọ́ ife náà sí ọmọ náà. Èmi ká ṣòkòtò mi sókè, mo lọ ṣe àlùwàlá létí omi.